OMI TÍ KÒ JẸ́ KÍ ỌṢẸ HÓ

Ẹ̀yin àgbẹ̀ kòkó ní Òdòde Ìdànrè, ní Àlàdé àti ní gbogbo abúlé oko: bí ọṣẹ bá ń tètè tán nínú ilé yín, ẹ má tíì bá ẹni tí ń fọ aṣọ wí. Ó lè jẹ́ pé omi ni ó ń jẹ ọṣẹ náà.

Nígbà tí òjò bá wọ inú ilẹ̀, a máa yọ́ díẹ̀ nínú òkúta tí ó bá bá pàdé. Òkúta ẹfun a máa tètè yọ́, irú èyí tí wọ́n ti ń wà ní Ewékorò láti ọdún 1960 láti fi ṣe sìmẹ́ńtì. Omi tí ó bá gba ibẹ̀ kọjá ni a ń pè ní omi líle. Òkúta Òkè Ìdànrè kì í tètè yọ́. Nítorí náà omi odò wa kì í sábà le. Ṣùgbọ́n omi kànga jíjìn, tí ó ti pẹ́ láàrin òkúta, lè le jù ú lọ.

Ẹ dán an wò báyìí: ẹ bu omi òjò sínú ìgò kan, àti omi kànga sínú èkejì, kí wọ́n dọ́gba. Ẹ fi ìwọ̀n ọṣẹ kan náà sí méjèèjì, kí ẹ sì mì wọ́n. Bí ti òjò bá hó, tí ti kànga sì rí bí omi ògì láìhó, omi líle ni.

Àtúnṣe rẹ̀ nìyí:

1. Ẹ máa gbe omi òjò fún aṣọ fífọ̀, lẹ́yìn tí òjò bá ti fọ orí páànù mọ́.

2. Ẹ se omi náà kí ó hó, kí ó tutù, kí ó sì tòrò. Ẹ wá rọra da ti òkè sínú ohun èlò mìíràn. Ẹfun yóò kù sí ìsàlẹ̀. Kì í ṣe gbogbo omi líle ni èyí ń wò.

3. Ẹ sá èèpo kòkó, ẹ sun ún, ẹ po eérú rẹ̀ mọ́ omi, kí ẹ sì sẹ́ ẹ, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ń ṣe ọṣẹ dúdú ti ń ṣe. Ẹ máa da á díẹ̀díẹ̀ sínú omi ìfọṣọ títí ọṣẹ yóò fi hó. Èèpo tí ẹ bá sun kò ní jókòó sí oko láti tan àrùn tí ń sọ kòkó di dúdú. Ṣùgbọ́n omi eérú a máa bó ara: ẹ má ṣe mu ún, ẹ má sì jẹ́ kí ọwọ́ ọmọdé tó o.

Álọ́ọ̀mù ń mú omi tòrò. Kò lè mú líle rẹ̀ kúrò.

Ní ti mímu, líle omi kì í pa ènìyàn lára. Ẹ̀gbin tí ojú kò rí ni kí ẹ bẹ̀rù. Nítorí náà, bí omi tilẹ̀ mọ́ gaara, ẹ sè é kí ẹ tó mu ún.