Iṣẹ́ Díẹ̀díẹ̀ Tó Dá Igi Padà Sóko

LÁÀÁRỌ̀ ọyẹ́, àwọn tó ń ta igi ìdáná máa ń kó ẹrù wọn wọ ìlú Niamey, olú ìlú orílẹ̀-èdè Niger. Àwọn kan di tiwọn ru kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, àwọn míì di tiwọn ru ràkúnmí. Ọ̀pọ̀ ìdílé nílùú náà ló ṣì ń fi igi dáná, ìgbèríko ni igi náà sì ti ń wá. Kí ló dé tí igi kò tíì tán níbẹ̀?

Ó kù díẹ̀ kó tán lóòótọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ní agbègbè Maradi, lápá ìlà oòrùn Niamey, nítòsí ààlà Nàìjíríà, àgbẹ̀ tó bá fẹ́ gbin jéró á ṣán oko rẹ̀ mọ́ tónítóní láìdá igi kankan sí. Òfin àtijọ́ ti mú káwọn èèyàn gbà pé ìjọba ló ni igi. Ta ló fẹ́ máa tọ́jú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀? Àmọ́ tí atẹ́gùn bá dé, yanrìn á bo ọ̀gbìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, àgbẹ̀ á sì tún irúgbìn gbìn, nígbà míì lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta nínú ọdún kan ṣoṣo. Ẹ wo bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ á ṣe tánni lókun tó!

Tony Rinaudo, míṣọ́nnárì ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà, ń gbin ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi níbẹ̀ lọ́dọọdún. Èyí tó pọ̀ jù kú. Lọ́jọ́ kan lọ́dún 1983, ó dúró lójú ọ̀nà láti tú afẹ́fẹ́ díẹ̀ kúrò nínú táyà ọkọ̀ rẹ̀ torí yanrìn. Ó rí igbó kékeré kan, ó sún mọ́ ọn, ó sì wo ewé rẹ̀ dáadáa. Àṣé igi tí wọ́n ti gé ló ń rú látara kùkùté! Gbòǹgbò irú igi bẹ́ẹ̀ pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀, wọ́n sì wà láàyè.

Iṣẹ́ tó kù kò le. Àgbẹ̀ á yan bíi márùn-ún tó lágbára jù lára àwọn ọ̀mùnú tó yọ látara kùkùté, á gé ìyókù, á sì rẹ́ àwọn ẹ̀ka wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ kúrò. Ewé á wà nílẹ̀, á di ajílẹ̀. Igi á di ìdáná. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, á tún padà wá. Àwọn Haúsá ń pè é ní sassabin zamani, ìyẹn ọ̀nà ìgbàlódé láti ṣán oko. Àdá tó mú ti tó o. Ohun tó le níbẹ̀ ni pé èèyàn kò gbọ́dọ̀ ṣíwọ́.

Níbẹ̀rẹ̀, wọ́n fi àwọn tó dá igi sí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sì ń jí igi wọn gé. Nígbà ìyàn ọdún 1984, wọ́n ń fún àwọn àgbẹ̀ lóúnjẹ kí wọ́n lè dá igi sí. Bí oúnjẹ ṣe tán, ọ̀pọ̀ gé igi wọn lulẹ̀. Àmọ́ àwọn kan ti rí èrè rẹ̀, wọn ò gé tiwọn. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: àgbẹ̀ kan ń wo oko èkejì, láìsẹ́ni tó sanwó fún wọn.

Nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, àwọn olùwádìí wo àwòrán tí wọ́n yà látojú òfuurufú. Wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 200 igi ti rú padà lórí mílíọ̀nù márùn-ún hẹ́kítà. Lọ́dún 2018, Rinaudo wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Right Livelihood, pẹ̀lú Yacouba Sawadogo, àgbẹ̀ ará Burkina Faso.

Lóko tó nígi, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kì í gbin jéró ju ẹ̀ẹ̀kan lọ mọ́, torí igi ń dín agbára atẹ́gùn kù. Gawo, igi tí ewé rẹ̀ máa ń wọ́ nígbà òjò, kì í ṣíji bo ọ̀gbìn. Ti àwọn obìnrin ló wá wúni lórí jù. Àwọn olùwádìí sọ pé wákàtí méjì àbọ̀ ni wọ́n fi ń wá igi ìdáná lójúmọ́ lọ́dún 1984. Ó ti di ìdajì wákàtí.

Kì í ṣe pé ebi ò dé mọ́ o. Ó dé lọ́dún 2005. Àmọ́ àwọn abúlé kan tó ti tọ́jú igi rí nǹkan tà. Wọ́n gé ẹ̀ka, wọ́n gbé e lọ sọ́jà, wọ́n sì fi owó rẹ̀ ra jéró.