Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ fún Ẹ̀rọ Aṣojú

Bí àgbẹ̀ kan ní Ṣúpárè Àkókó, tí oko iṣu rẹ̀ wà lápá Ọ̀bà, bá gbé tẹlifóònù rẹ̀, tí ó sì bi ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá tí ayé ń pè ní AI léèrè bóyá òjò yóò rọ̀ níbẹ̀ lọ́la, kí ó yé wa pé ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kò mọ nǹkan kan nípa òjò ọ̀la, àfi kí ó ké sí ètò kọ̀ǹpútà mìíràn tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa sọ bí ojú ọjọ́ yóò ti rí. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní irinṣẹ́. AI tí ó bá sì lè yan irinṣẹ́ fúnra rẹ̀, kí ó lò ó, kí ó wo èsì rẹ̀, kí ó tún mú òmíràn títí iṣẹ́ yóò fi yọrí, òun ni wọ́n ń pè ní aṣojú.

Aṣojú yìí kì í sábà rí inú irinṣẹ́. Orúkọ irinṣẹ́ ni ó ń rí, àti àpèjúwe rẹ̀ tí kì í sábà ju ìlà mélòó kan lọ, àti àwọn nǹkan tí ó gbọ́dọ̀ kọ ránṣẹ́ sí i. Bí ẹni tí ó ṣe irinṣẹ́ náà bá kọ ọ́ pé, “Ó ń sọ ojú ọjọ́, kọ orúkọ ìlú,” tí ó sì dákẹ́, aṣojú lè kọ “Oba” ránṣẹ́ láìfi àmì kankan sí i, kí irinṣẹ́ sì mú Ọ̀bà-Ilé tí ó wà lẹ́bàá Àkúrẹ́, kí ó fi Ọ̀bà Àkókó sílẹ̀. Àgbẹ̀ wa yóò gba èsì tí ó gún régé, òjò ìlú ẹlòmíràn sì ni. Ìlà kan péré ì bá ti yọ ọ́ nínú èyí: “Kọ orúkọ ìlú pẹ̀lú ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, bí ìlú méjì bá ń jẹ́ orúkọ kan náà, kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó rán ọ.”

Àwọn baba wa ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Òótọ́ ni, bí ó bá jẹ́ ti ènìyàn. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ tí a sọ fún ẹ̀rọ a máa di odidi nínú tirẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n odidi tí ó ti ọwọ́ ara rẹ̀ hun ni, ojú kì í sì í tì í bí èyí bá yàtọ̀ sí ohun tí ó wà lọ́kàn ẹni tí ó rán an.

Àwọn tí ó ń ṣe AI gan-an ti rí irú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Anthropic ní Amẹ́ríkà, tí ó gbé Model Context Protocol jáde ní oṣù kọkànlá 2024 kí irinṣẹ́ àti aṣojú lè máa gbọ́ ara wọn ní ọ̀nà kan náà, ròyìn pé nígbà tí àwọn fún aṣojú wọn ní irinṣẹ́ ìwákiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣe ni ó ń fi “2025” lẹ́ mọ́ ohun tí ó ń wá láìnídìí, èsì tí ó ń rí sì ń wọ́. Àpèjúwe irinṣẹ́ ni wọ́n tún kọ, aṣojú sì bọ́ sí ọ̀nà. Ṣáájú èyí, aṣojú wọn tí ń ṣiṣẹ́ lórí fáìlì a máa ṣìnà bí ó bá ti kúrò níbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di dandan pé kí ó máa kọ àdírẹ́sì fáìlì ní kíkún, àṣìṣe náà kásẹ̀ nílẹ̀.

Nítorí náà, kíkà kọ́ ni a fi ń mọ àpèjúwe tí ó dára. Iṣẹ́ ni a fi ń dán an wò. A ó kó ìbéèrè jọ bí àwọn ènìyàn ti ń béèrè wọn lóòótọ́, pẹ̀lú ìdáhùn tí a ti mọ̀. A ó jẹ́ kí aṣojú ṣe wọ́n. A ó wò ó bóyá irinṣẹ́ tí ó tọ́ ni ó mú, àti bóyá ohun tí ó kọ sí i pé. Lẹ́yìn náà a ó yí àpèjúwe nìkan padà, a kò ní fọwọ́ kan ohun mìíràn, a ó sì tún un ṣe, pẹ̀lú àwọn ìbéèrè kan tí a ti fi pamọ́ kí a má baà máa kọ àpèjúwe tí ó bá ìbéèrè ìdánwò nìkan mu. Ẹ̀ẹ̀kan kò sì tó. Nínú τ-bench, ìdánwò tí ilé-iṣẹ́ Sierra gbé jáde ní 2024, níbi tí aṣojú ti ń dá oníbàárà ilé ìtajà àti ti ọkọ̀ òfurufú lóhùn, GPT-4o tí ó wà lára àwọn AI alágbára ìgbà náà kò ṣe tó ìdajì iṣẹ́ náà yọrí. Iṣẹ́ ilé ìtajà tí ó sì ṣe yọrí nígbà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tí wọ́n tún un rán an kò tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn ará Yunifásítì California ní Berkeley tilẹ̀ fi ìbéèrè tí kò sí irinṣẹ́ kankan tí ó bá a mu sínú ìdánwò tiwọn, láti mọ̀ bóyá ẹ̀rọ lè ká ọwọ́ kò.

Èyí tí ó máa ń bí mi nínú ni àpèjúwe tí ó kún fún ìyìn. Oríkì yẹ ọba, ó yẹ akọni, ó yẹ ìyàwó ọjọ́ ìgbéyàwó. Irinṣẹ́ kò nílò rẹ̀. Kí ó sọ ohun tí kò lè ṣe, èyí wúlò ju “aláìlẹ́gbẹ́” mẹ́wàá lọ. Ìyìn sì tún sàn ju ẹ̀tàn: ní oṣù kẹrin 2025 ni ilé-iṣẹ́ Invariant Labs fi hàn pé olè lè fi àṣẹ ìkọ̀kọ̀ pamọ́ sínú àpèjúwe, kí aṣojú sì tẹ̀ lé e.

Ní tiwa, Yunifásítì Adékúnlé Ajásin wà ní Akùngbá, kò sì jìnnà sí Ṣúpárè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ lè kó ìbéèrè jọ láti ẹnu àwọn ọlọ́jà Ọ̀kà àti Ìkàrẹ́, ní Àkókó yìí tí èdè ìlú kan lè ṣe àjèjì sí ará ìlú kejì, nígbà tí ó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ àpèjúwe. Kí wọ́n fi gàrí bẹ̀rẹ̀: kóńgò ni ìyá olóúnjẹ fi ń béèrè iye rẹ̀, irinṣẹ́ lè máa fi kílò dáhùn, ìgbà náà ni a ó mọ̀ bóyá ẹni tí ó kọ àpèjúwe rántí kọ òṣùwọ̀n sí i.