Kíka Eruku Èéfín: Ohun Tí Ń Ṣẹlẹ̀ Nínú Ẹ́ńjìnnì Dísẹ́ẹ̀lì

Lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi. Ó lè yà yín lẹ́nu pé èéfín ọkọ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn tí ń wọn eruku dúdú inú èéfín ń bá ìṣòro kan jà tí àwa òǹkàwé mọ̀ dáadáa: ìparí ìtàn nìkan kò tó láti fi mọ ìtàn.

Nínú sílíńdà ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì, a ń tú epo sínú afẹ́fẹ́ tí a ti fún pọ̀ títí ó fi gbóná gidigidi. Ibi tí epo bá ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ ni eruku náà ti ń hù. Hóró róbótó ni í kọ́kọ́ jẹ́, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó nanomítà 20 sí 40. Bí a bá pín mílímítà kan sọ́nà mílíọ̀nù kan, ìdá kan ni nanomítà. Àwọn hóró náà a wá so mọ́ra bí ẹ̀ka igi. Ṣùgbọ́n kí èéfín tó jáde, iná inú sílíńdà kan náà ti jó èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Àjẹkù iná ni ẹni tí ó dúró sẹ́nu páìpù ń wọ̀n.

Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ ṣe ń wo inú ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Ní 1997, John Dec ti Sandia ní Califonia ṣàlàyé bí epo ṣe ń jó, lẹ́yìn tí ó ti tan iná lésà gba ojú fèrèsé tí a ṣe sára ẹ́ńjìnnì. Àwọn mìíràn a fi lésà mú eruku náà gbóná títí yóò fi tàn. Hóró kékeré a tètè tutù ju ńlá lọ, èyí sì ń fi títóbi wọn hàn. Àwọn kan a ti irin pẹlẹbẹ tútù bọ inú iná fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀díẹ̀ tí kò tó nǹkan, kí eruku lè lẹ̀ mọ́ ọn. Lábẹ́ awò ẹlẹ́kítíróònù, hóró náà ní ìpele lórí ìpele bí àlùbọ́sà. Ètò ìpele wọ̀nyí sì wà lára ohun tí ń pinnu bí yóò ṣe rọrùn tó láti jó.

Èrè rẹ̀ ńkọ́? Hóró kan tí ó fẹ̀ tó nanomítà 100 wúwo tó 1,000 hóró tí ó fẹ̀ tó nanomítà 10, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kéékèèké ni wọ́n lè wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ní 2012, ẹ̀ka ìwádìí jẹjẹrẹ ti Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé èéfín dísẹ́ẹ̀lì ń fa àrùn náà. Láti 2011 ni òfin Yúróòpù ti ń ka iye hóró tí ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì kékeré ń tú jáde: kò gbọdọ̀ ju bílíọ̀nù 600 lọ ní kìlómítà kan.

Nítorí náà, bí a bá sọ fún wa pé ọkọ̀ kan mọ́ nítorí pé èéfín rẹ̀ kò dúdú lójú, ẹ jẹ́ kí a bèèrè: ṣé wọ́n wọ̀n ọ́n ni, àbí wọ́n kà á?