Ìbáṣepọ̀ àwọn bakitéríà nínú ògì

Ìbáṣepọ̀ àwọn bakitéríà nínú ògì ni ọ̀nà tí oríṣiríṣi kòkòrò àìfojúrí ń gbà bá ara wọn gbé, tí wọ́n sì ń bá ara wọn jà, nígbà tí àgbàdo tàbí ọkà bàbà bá ń kan nínú omi. Òun ló ń mú kí ògì kan, òun náà ló sì ń mú kí àwọn èròjà tí ń pa bakitéríà mìíràn jáde sínú omidùn. Ní Ìlá-Ọ̀ràngún, Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, gẹ́gẹ́ bí ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ògì ni a fi ń ṣe ẹ̀kọ, òun sì ni ọ̀pọ̀ ìyá fi ń já ọmọ lẹ́nu ọmú.

Bí ògì ṣe ń kan

A máa ń rẹ àgbàdo sínú omi fún ọjọ́ kan sí mẹ́ta, a ó lọ̀ ọ́, a ó sì fi asẹ́ yọ èérí rẹ̀ kúrò. Ògì á sùn sísàlẹ̀, omidùn á wà lókè. Kò sí ẹni tí ń fi bakitéríà sí i: ara àgbàdo, omi àti ìkòkò ni wọ́n ti ń wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀, oríṣiríṣi wọn ló jọ ń jẹ ṣúgà inú àgbàdo. Bí ásíìdì bá ti ń pọ̀ sí i, àwọn tí kò lè fara dà á yóò kú tàbí kí wọ́n dẹ́kun bíbí sí i. Nínú ìwádìí tí I. A. Akinrele tẹ̀ jáde ní ọdún 1970, Lactobacillus plantarum ló borí nínú ògì, pẹ̀lú ìwúkàrà bíi Saccharomyces cerevisiae.

Ohun ìjà wọn

Ohun ìjà àkọ́kọ́ ni ásíìdì láátíìkì, tó lè mú kí pH ògì wálẹ̀ sí nǹkan bíi 4 tàbí kó kéré sí i. Èkejì ni bacteriocin, ìyẹn purotéènì kékeré tí ń dá ihò sí awọ ara bakitéríà mìíràn, pàápàá àwọn tó bá ẹni tó ṣe é tan. Ẹni tó ṣe é ní purotéènì mìíràn tí ń dáàbò bò ó.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n ń ṣe bacteriocin. Ìwádìí ọdún 2004 lórí ẹ̀yà L. plantarum kan tí à ń pè ní NC8 fi hàn pé bí ó bá dá wà nínú omi oúnjẹ, kì í ṣe é. Ṣùgbọ́n bí a bá gbìn ín pọ̀ mọ́ àwọn bakitéríà kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Nítorí náà, ẹni tó bá yẹ bakitéríà wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lè má rí agbára rẹ̀.

Ìwúlò àti ààlà rẹ̀

Nisin, bacteriocin tí Lactococcus lactis ń ṣe, ni a ń fi sínú wàràkàṣì àti oúnjẹ mìíràn kó má baà tètè bàjẹ́. Ní ọdún 1994, D. K. Olukoya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn Dogik, ògì tí wọ́n fi bakitéríà àṣàyàn ṣe, fún ìdènà ìgbẹ́ gbuuru.

Síbẹ̀, bacteriocin inú ògì kì í sábà ràn Escherichia coli àti Salmonella, nítorí awọ òde tó bo ara wọn. Ásíìdì ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Omi ẹlẹ́gbin tí a bá fi po ògì lẹ́yìn tó ti kan tún lè kó àrùn wọ inú rẹ̀. Omidùn kò sì lè rọ́pò omi iyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń dà láàmú, bẹ́ẹ̀ ni kò lè rọ́pò ìtọ́jú ilé ìwòsàn.