Ẹ̀kọ́ Ilé Kọ́ Ni Ilé-Ìwé Inú Ilé

Ẹ̀yin ọmọ mi, 'ẹ̀kọ́ ilé' ti jẹ́ ìwà ọmọlúàbí tipẹ́. Ẹ má fi pe ìwé tí òbí ń kọ́ ọmọ nílé. Nígbà tí wọ́n ti ilé-ìwé pa lọ́dún 2020 nítorí Kòrónà, ọmọbìnrin mi fẹ́ ṣe tíṣà fún ọmọ mẹ́ta ní Ìbà láti aago mẹ́jọ. Lọ́jọ́ kẹrin ọbẹ̀ jóná, ó bú sẹ́kún. Mo ní kó jẹ́ kí iṣẹ́ ilé di ẹ̀kọ́: kóńgò gàrí di ìṣirò, ṣéńjì ọjà Ìkirun di ìyọkúrò. Yorùbá la fi ṣe é, bí Fáfúnwá ti fi kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ n'Ífẹ̀ láti 1970. Wákàtí méjì péré ló kù fún ìwé kíkọ. Ìyá wọn sì ń rí oorun ọ̀sán sùn.