Oúnjẹ, Èèwọ̀ àti Ara Tí Òrìṣà Mọ

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ la fẹ́ fà yọ lọ́tẹ̀ yìí. Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé kí ló kan Ifá nínú ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ fọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó nídìí ọpọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n ń bi wá léèrè ewé tí yóò fa ikùn wọlé. Wọ́n ń bèèrè bóyá orí àwọn ló ní kí àwọn tóbi tó bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ti fi ebi pa ara wọn títí òòyì fi ń kọ́ wọn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n á sì ní ayé ló ń ṣe àwọn. Awo tí kò bá mọ ohun tí dáyẹ́ẹ̀tì ń ṣe lára ènìyàn lè dá ẹbọ fún ẹni tó jẹ́ pé oúnjẹ àárọ̀ ló yẹ kó jẹ.

Kí á tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí a ń pè ní dáyẹ́ẹ̀tì níbí. A kò sọ pé kí alátọ̀gbẹ má ṣọ́ ohun tó ń jẹ. A ó padà sórí ìyẹn. Ẹni tí à ń bá wí ni ẹni tí kò ṣàìsàn, tó wá ń ka oúnjẹ bí ẹni ń ka owó, tó ń sá fún èyí, tó ń sá fún tọ̀hún, kí ara rẹ̀ ṣáà lè kéré sí bí ó ṣe wà.

Ní ọdún 1995, obìnrin méjì ní Amẹ́ríkà, Evelyn Tribole àti Elyse Resch, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ gbígba ènìyàn nímọ̀ràn lórí oúnjẹ, gbé ìwé kan jáde tí wọ́n pè ní Intuitive Eating. Bí a bá fẹ́ sọ ọ́ ní Yorùbá, a ó ní: jíjẹun bí ara ṣe ń bèèrè. Ohun tí wọ́n rí lẹ́nu iṣẹ́ ni pé ẹni tí wọ́n bá fún ní òṣùwọ̀n oúnjẹ a máa fọn lóòótọ́, kò ní pẹ́ tí yóò tún sanra padà, yóò wá máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ìlànà mẹ́wàá ni wọ́n kọ sínú ìwé náà. A kò ní ka gbogbo rẹ̀. Orí rẹ̀ ni pé kí ènìyàn jẹun nígbà tí ebi bá ń pa á, kí ó má dúró dìgbà tí ebi yóò sọ ọ́ di wèrè. Kí ó má ṣe pe oúnjẹ kan ní ẹlẹ́ṣẹ̀ kí ó pe òmíràn ní olódodo. Kí ó jẹ ohun tó dùn mọ́ ọn, kí ó sì dúró nígbà tó bá yó. Kí ó má ṣe fi oúnjẹ pa ìbànújẹ́ rẹ́. Kí ó bọ̀wọ̀ fún ara tó ní. Ìmọ̀ nípa oúnjẹ tó ń ṣara lóore kò sí lẹ́yìn o. Ìparí ni wọ́n fi sí, nítorí wọ́n ní ẹni tó bá ṣì ń bá oúnjẹ jà yóò sọ ìmọ̀ náà di pàṣán.

Nígbà tí a kọ́kọ́ ka ìwé yìí, ohun tó wá sí wa lọ́kàn ni bí a ṣe ń bọ orí. A kì í ṣàdédé gbé ẹran dé iwájú orí. A ó bi í: ṣé obì ni, ṣé ẹja ni, ṣé ẹyẹlé ni? A ó mú ìbò, orí yóò sì sọ ohun tó fẹ́ gbà. Àwọn obìnrin méjèèjì yìí kò mọ ìbò, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń sọ ò jìnnà sí i: bi ara léèrè kí o tó bọ́ ọ.

Èdè wa náà ti ya ọ̀rọ̀ yìí sọ́tọ̀ tipẹ́. "Ebi ń pa mí" kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú "ó ń wù mí jẹ." "Ọ̀fun ń dá mi tọ́lọ́" tún yàtọ̀ sí méjèèjì. Ẹni tó jẹun tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, a ní ó yó. Ẹni tó kọjá bẹ́ẹ̀, a ní ó jẹ àjẹkì, ó jẹ àjẹpajúdé. Bí ọmọ bá ní òun ti yó, ìyá àtijọ́ kì í fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n wò. Ọmọ ọwọ́ tó bá yó a yí orí kúrò lára ọmú, ta ló kọ́ ọ?

Dókítà kan ní Amẹ́ríkà, Clara Davis, tiẹ̀ dán èyí wò láti ọdún 1926. Ó kó ọmọ 15 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú jọ. Oúnjẹ tó wà nínú ètò rẹ̀ tó oríṣi 34, bí ẹran, ẹyin, wàrà, ẹ̀fọ́, èso àti ọkà. Wọ́n ń gbé díẹ̀ díẹ̀ nínú wọn kalẹ̀, àwọn olùtọ́jú kò sì gbọdọ̀ rọ ọmọ pé kó jẹ èyí tàbí kó fi èyí sílẹ̀. Kò sí méjì nínú wọn tó jẹun bákan náà, síbẹ̀ gbogbo wọn dàgbà dáadáa. Ọ̀kan tí eegun rẹ̀ kò le tó ń mu epo ẹ̀dọ̀ ẹja fúnra rẹ̀ títí eegun náà fi le. Ṣùgbọ́n ẹ fiyè sí nǹkan kan tí àwọn tó ń ròyìn iṣẹ́ yìí máa ń fò: kò sí ṣúgà, kò sí nǹkan inú agolo, nínú ohun tí Davis gbé kalẹ̀. Ọmọ ló yàn, àgbà ló mọ ohun tó gbé sínú àwo.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ lójú wa wá láti Yunifásítì Minnesota. Ancel Keys ló ṣe é, ní ìgbà tí ogun àgbáyé kejì ń parí lọ. Ọkùnrin 36 tí ẹ̀rí ọkàn wọn kò jẹ́ kí wọ́n gbé ìbọn ló yọ̀ǹda ara wọn. Wọ́n yẹ̀ wọ́n wò tinú tòde, ara wọn le, orí wọn pé. Láti oṣù kọkànlá ọdún 1944 wọ́n kọ́kọ́ bọ́ wọn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ 12, nǹkan bí kálórì 3,200 lóòjọ́. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 1945, wọ́n gé e sí nǹkan bí 1,570 fún ọ̀sẹ̀ 24: ọ̀dùnkún, búrẹ́dì, màkàróònì. Ẹ má gbàgbé iye yẹn, nítorí ọ̀pọ̀ ìwé dáyẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà fún àwọn obìnrin lónìí, 1,200 ni wọ́n ń pa láṣẹ.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Ìdá mẹ́rin ara wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìdá kan lọ. Òtútù ń mú wọn nínú ooru. Ìfẹ́ obìnrin kúrò lọ́kàn wọn. Wọ́n di oníbìínú, wọ́n di ẹni tó ń dá jókòó. Oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń rò. Àwọn ọkùnrin tí kò bìkítà fún ilé ìdáná tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé oúnjẹ sísè bí ẹni ń ka ìwé ìfẹ́, wọ́n ń lá àwo. Nígbà tí wọ́n sì ní kí wọ́n máa jẹun padà, àwọn kan jẹ títí ikùn fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́, wọ́n ní àwọn ò tíì yó. Ìwé ńlá tí Keys kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1950. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá wá sọ fún awo pé òun ti di wọ̀bìà, pé òun a máa dìde lóru lọ ṣí ìkòkò, ẹ má tíì sọ pé iṣẹ́ ọ̀tá ni. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ló jẹ lọ́sàn-án.

Àwọn onímọ̀ ti wá rí ọ̀nà tí ara ń gbà ṣe èyí. Ní 1994 ni Jeffrey Friedman àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí leptin, họ́mónù tí ọ̀rá ara fi ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé nǹkan wà nílé. Bí ọ̀rá bá dínkù, ìránṣẹ́ náà dínkù, ebi á wá dìde. Ní 1999 ni wọ́n rí ghrelin ní Japan, èyí tí àpòlúkù fi ń pe ebi. Ní 2016, Kevin Hall àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde kan jáde lórí ènìyàn 14 tí wọ́n ti díje lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà láti fọn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ti sanra padà, síbẹ̀ iná inú ara wọn ṣì ń jó kéré sí ti ẹgbẹ́ wọn, ní nǹkan bí kálórì 500 lóòjọ́. Ara kò mọ̀ pé aṣọ ìgbéyàwó ni wọ́n torí rẹ̀ ń febi pa òun. Ìyàn ló rò pé ó mú.

Ẹ̀wẹ̀, ta ló tiẹ̀ sọ ìwọ̀n tó yẹ kí ènìyàn wọ̀n? Ìṣirò BMI tí wọ́n ń ṣe ní ọsibítù, láti ọ̀dọ̀ Adolphe Quetelet ará Belgium ló ti wá, ní nǹkan bí 1835. Kì í ṣe dókítà. Onímọ̀ ìràwọ̀ àti ìṣirò ni, ó ń wá bí ọkùnrin tó wà ní àárín ṣe rí. Ancel Keys yìí kan náà ló sọ ọ́ ní BMI ní 1972. Ìṣirò yẹn kò mọ iṣan yàtọ̀ sí ọ̀rá. Ní 1998, àjọ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà fa ààlà sísanra jù wálẹ̀ sí 25, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn tó sùn lálẹ́ ní ẹni tó wọ̀n tó sì jí ní ẹni tó sanra jù. A kò sọ pé sísanra kì í bá àìsàn rìn. Ó máa ń bá ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ rìn. A ń sọ pé nọ́ńbà kan ṣoṣo kò tó láti fi dá ènìyàn lẹ́jọ́. Àwọn tó sanra ní Amẹ́ríkà ti dá ẹgbẹ́ NAAFA sílẹ̀ láti 1969, kí wọ́n lè máa rí iṣẹ́ àti ìtọ́jú gbà láìsí ẹ̀gàn. Inú irú ìjà bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gbígba ara ẹni bí ó ṣe wà ti jáde.

Àwa ní tiwa mọ̀ pé Ọbàtálá ló ń mọ ara, Àjàlá ló ń mọ orí. Abuké, arọ, àfín, aràrá, ẹni òrìṣà ni gbogbo wọn. Ẹni tó bá fi wọ́n ṣẹ̀sín, ọwọ́ amọ̀nà ló ń fi ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n ká má tan ara wa. Àwa Yorùbá náà ò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. À ń pe ẹnì kan ní ọ̀rọ̀bọ̀, à ń pe ẹnì kejì ní lẹ́pa. Ká tó kí ènìyàn tán, a ti ní "o mà ti rù o, ṣé ọkọ ẹ kì í fún ẹ lóúnjẹ ni?" Ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ láti inú ìyá rẹ̀ wá ti jìyà ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rá bú àwọn yòókù.

A wá dé ibi tó kan awo gan-an, ìyẹn èèwọ̀. Ọ̀dọ́bìnrin kan wá bá wa, ó ní kí a bá òun bi Ifá bóyá iyán àti àmàlà lè di èèwọ̀ òun. A ní kí ló dé. Ó ní bó bá ti jẹ́ èèwọ̀, ìyá ọkọ òun ò ní lè gbé e ka iwájú òun mọ́. Ẹ̀rín pa wá, àmọ́ a kò dá a. Èèwọ̀ a máa jáde ní ìkọsẹ̀dáyé, tàbí ní ìtẹ̀fá nígbà tí Odù bá yọ, tàbí kó jẹ́ ti ìdílé tàbí ti òrìṣà. Àwọn ará wa ní Cuba ń gbọ́ tiwọn ní ọjọ́ itá, àwọn ti Brazil náà sì ń pe tiwọn ní ewó tàbí quizila. Níbi gbogbo tí a mọ̀, ti ẹnì kọ̀ọ̀kan ni. Àkùkọ tí èmi ò gbọdọ̀ jẹ, òun ni aládùúgbò mi fi ń ṣọdún. Èèwọ̀ kò sọ pé oúnjẹ náà burú, kò sọ pé kí o jẹ díẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀ nípa ìbàdí rẹ. Ẹlẹ́mu ni kò yẹ ọmọ Ọbàtálá, kì í ṣe nítorí kí ó lè fọn. Àwọn tó ń jẹ ọbẹ̀ àtẹ́ fún òrìṣà kì í dúró lórí òṣùwọ̀n lọ́jọ́ kejì.

Ìyàtọ̀ kan tún wà tó ṣe pàtàkì sí wa. Ẹni tó bá ṣèèṣì jẹ èèwọ̀ ń wá ètùtù, ọ̀rọ̀ náà á sì parí. Oní-dáyẹ́ẹ̀tì tó bá ṣèèṣì jẹ pọfupọ́ọ̀fù kan, yóò ní "ó kúkú ti bàjẹ́," yóò jẹ gbogbo abọ́ náà tán, lọ́jọ́ kejì yóò tún gbààwẹ̀ lórí rẹ̀. Awo tó bá fi orúkọ Ifá dá irú èyí sílẹ̀ fún ènìyàn, ó ti fi ìgbàgbọ́ dè é mọ́ ìyà. A gbọ́ pé àwọn kan ń ṣe é, wọ́n sì ń gbowó rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà yìí ní ibi tí kò dé. Ilé tí oúnjẹ ti pọ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́. Ẹni tó ń jẹun lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ nítorí àìsówó, ẹ ò lè sọ fún un pé kó fetí sí ebi rẹ̀. Ó ń gbọ́ ọ dáadáa. Alátọ̀gbẹ tó ń gún insulin kò lè dúró de ìgbà tí ebi bá pè é, wákàtí oúnjẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́ dókítà, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn. Ẹni tó sì ti febi pa ara rẹ̀ fún ọdún pípẹ́ lè má gbọ́ ohùn ebi mọ́ rárá, irú wọn nílò ìtọ́jú àwọn oníṣègùn.

Ní ti oògùn, ẹ ṣọ́ra. Wọ́n gba fenfluramine kúrò lọ́jà ní 1997 nítorí ó ń ba ọkàn jẹ́. Wọ́n gba sibutramine kúrò ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ní 2010, síbẹ̀ wọ́n ṣì ti bá a nínú tíì tí wọ́n kọ "ewé lásán" sí lára. Láti 2021 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ semaglutide fún àwọn tó sanra. Ó ń fara wé họ́mónù tí ìfun fi ń sọ fún ọpọlọ pé a ti yó. Iṣẹ́ dókítà nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń gún un bá wá gba àgbo lọ́dọ̀ wa, ẹ bi í kí ẹ tó fún un, nítorí abẹ́rẹ́ náà a máa fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru, àgbo tó ń fọ inú yóò sì dá kún un.