Káńsù Tí Ó Jẹ́ Onílé: Bí A Ti Ń Ṣọ́ Ilé Ìlú àti Ọ̀ràn Àwọn Aláìnílé ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Bí a bá dárúkọ káńsù ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, ohun tí ó ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ọjà àti owó ìsọ̀, títì tí a kò tíì tún ṣe, àti ààtàn tí ó kún dé ojú ọ̀nà. Kò sí ẹni tí ó ń rò ó pé káńsù lè jẹ́ onílé, tí yóò ní ilé ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí yóò máa gba owó ilé lọ́wọ́ àwọn ará ìlú, tí yóò sì máa rán káfíńtà àti oníwáyà iná sí wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń gbé ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ìbá à ṣe ní Peckham tàbí ní Hackney, yóò ti gbọ́ orúkọ náà, "ilé káńsù," lẹ́nu rẹ̀. Nítorí ìbéèrè tí àwọn ọmọ ìjọ wa, ti ilé àti ti òkè òkun, ń bi wá lórí ọ̀ràn yìí ni a ṣe yàn án fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wa: báwo ni ìgbìmọ̀ ìlú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń tọ́jú ilé tí ó jẹ́ tirẹ̀, ta ni ó sì ń ṣọ́ ìgbìmọ̀ náà fúnra rẹ̀? Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni a ń sọ. Scotland àti Wales ní òfin tiwọn.

Àrùn ni ó bí iṣẹ́ náà. Ní ìgbà ayé Ọbabìnrin Victoria, àwọn tálákà Lọ́ńdọ́ọ̀nù ń gbé nínú yàrá tóóró níbi tí onígbáméjì àti ikọ́ ife ti ń pa wọ́n. Òfin ọdún 1890 fún àwọn ìgbìmọ̀ ìlú ní agbára láti wó irú ilé bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì kọ́ òmíràn dípò wọn. Ìgbìmọ̀ tí a dá sílẹ̀ fún Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1889 wó àdúgbò kan tí a ń pè ní Old Nichol, ó kọ́ Boundary Estate sí ipò rẹ̀, a sì ṣí i ní 1900. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí ohun kan: ilé náà dára púpọ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga ju agbára àwọn tí a lé kúrò níbẹ̀ lọ, ìwọ̀nba kínún nínú wọn ni ó sì padà wá gbé e. Lẹ́yìn Ogun Ńlá, òfin ọdún 1919, tí Dókítà Christopher Addison ṣe agbátẹrù rẹ̀, mú kí ìjọba àpapọ̀ fi owó ran àwọn káńsù lọ́wọ́, ilé káńsù sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ káàkiri. Ní 1980 ni òfin mìíràn fún ayálégbé ní ẹ̀tọ́ láti ra ilé tí ó ń gbé ní owó pọ́ọ́kú. Ilé bíi 2,000,000 ni ó ti bá ọ̀nà yìí lọ. Ẹni tí ó rà á jèrè, a kò sì bá a jà. Ṣùgbọ́n ilé tí a ti tà kò sí mọ́ fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn, èyí tí a kọ́ dípò wọn kò sì tó nǹkan.

Báyìí ni a ṣe ń ṣe àkóso rẹ̀. Àwọn ará ìlú a máa dìbò yan àwọn káńsẹ́lọ̀ fún ọdún mẹ́rin. Nínú wọn ni a ti ń yan ẹni tí ọ̀ràn ilé yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ni yóò sì dáhùn fún un níwájú gbogbo ìgbìmọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ń gba owó oṣù ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an: wọn ń gba owó ilé, wọn ń yẹ òrùlé wò, wọn ń kọ ìwé. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ káńsù, láti ìgbà òfin ọdún 2000, àwọn káńsẹ́lọ̀ tí kò sí nínú àwọn aláṣẹ a máa pé jọ gẹ́gẹ́ bí ìgbìmọ̀ olùwádìí, wọn a pe òṣìṣẹ́ àgbà jókòó, wọn a bi í ní ìdí tí iṣẹ́ kan fi pẹ́. Ìpàdé bẹ́ẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àga àwọn olùwòran a máa ṣófo lọ́pọ̀ ìgbà. Àpò owó méjì ni ó sì wà. Òfin ọdún 1989 pàṣẹ pé owó ilé tí àwọn ayálégbé ń san gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ìṣirò tirẹ̀, a kò gbọdọ̀ mú un tún títì ṣe. Ìnáwó lórí àwọn aláìnílé, ẹ̀wẹ̀, inú àpò gbogbogbò ni ó ti ń wá, ibẹ̀ náà ni owó ìtọ́jú àwọn arúgbó àti àwọn ọmọ tí kò ní alágbàtọ́ ti ń wá. Àpò kejì yìí ni ó ń gbẹ.

Nísinsìnyí a dé ibi tí ọ̀ràn náà ti le. Káńsù ni onílé, káńsù náà ni a sì ń mú ẹjọ́ onílé lọ bá. Àwọn àgbà wa ní, agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kí ni kí a wá wí nípa ẹni tí ó jẹ́ pé òun ni ẹlẹ́jọ́, òun náà ni adájọ́? Ẹ rántí ìjọ àkọ́kọ́ ní Jerúsálẹ́mù, nígbà tí àwọn Hélénì ń kùn pé a ń gbàgbé àwọn opó wọn nínú ìpín oúnjẹ ojoojúmọ́. Àwọn àpọ́sítélì kò pe àwọn tí ń kùn ní ọlọ̀tẹ̀. Kíkùn náà ni wọ́n fi mọ ibi tí iṣẹ́ ti bàjẹ́, wọ́n sì mú kí a yan ọkùnrin méje sí i. Lójú tiwa, kò sí àbójútó tí ó dára ju èyí lọ, kí ohùn ẹni tí ìyà ń jẹ dé etí ẹni tí ó ní agbára, kí ó sì dé ibẹ̀ ní àkókò.

Ní Grenfell Tower, ohùn náà kò dé ibẹ̀. Ilé gíga yìí jẹ́ ti káńsù Kensington àti Chelsea, ṣùgbọ́n káńsù ti fi ìtọ́jú rẹ̀ lé ẹgbẹ́ kan lọ́wọ́. Àwọn tí ń gbé ibẹ̀ ti kọ̀wé nípa ewu iná ṣáájú. Ní òru ọjọ́ 14 oṣù kẹfà, ọdún 2017, iná jó ilé náà, ènìyàn 72 sì kú. Ìwádìí tí a parí ní 2024 fi hàn pé ẹgbẹ́ náà ti ń wo díẹ̀ nínú àwọn ayálégbé wọ̀nyí bí oníjàgídíjàgan lásán. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́: ní 2009, iná ti pa ènìyàn mẹ́fà ní Lakanal House, ilé káńsù Southwark, ilé ẹjọ́ sì bu owó ìtanràn £270,000 lé káńsù náà ní 2017. Iye owó yìí, àpò ìlú náà ni ó ti wá.

Nítorí Grenfell ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ṣe ṣe òfin ọdún 2023. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024, ọ́fíìsì ìjọba tí a ń pè ní Regulator of Social Housing ń rán àwọn olùyẹ̀wò sí gbogbo onílé irú èyí tí ilé rẹ̀ bá tó 1,000, ó kéré tán ní ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọdún mẹ́rin. Wọn a ka ìwé, wọn a lọ sí ìpàdé, wọn a bá àwọn ayálégbé sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà wọn a fún káńsù ní máàkì láti C1 títí dé C4, èyí tí ó burú jù. Newham ní ìlà oòrùn Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni ó kọ́kọ́ gba C4, ní 2024: a rí i pé àtúnṣe tí ó lé ní 9,000, tí ó yẹ kí a ṣe nítorí ewu iná, ni ọjọ́ wọn ti kọjá. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ a ti sùn, a sì ti han. Àwa kò ka irú máàkì bẹ́ẹ̀ sí ìtìjú lásán, nítorí kí a tó kéde rẹ̀, àwọn ayálégbé nìkan ni ó mọ̀.

Òfin mìíràn jẹ́ orúkọ ọmọ kan, Awaab Ishak, ọmọ ọdún méjì, tí ó kú ní Rochdale ní 2020 nítorí ògiri ilé tí ọ̀rinrin mú kí ó bu, tí àbàwọ́n dúdú bò ó. Ẹgbẹ́ onílé ni ó ni ilé náà, kì í ṣe káńsù, ṣùgbọ́n òfin kan náà ni ó de àwọn méjèèjì. Baba rẹ̀ ti ń kígbe nípa ògiri náà láti 2017. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2025, onílé gbọ́dọ̀ dá ewu pàjáwìrì dúró láàárín wákàtí 24, kí ó sì wádìí ọ̀rinrin tí ó lè ṣe ènìyàn ní ibi láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá.

Ẹni tí ó bá ní ẹ̀sùn, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé. Káńsù gbọ́dọ̀ dáhùn ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá lẹ́yìn tí ó bá ti jẹ́wọ́ pé òun gbà á. Bí ìdáhùn náà kò bá tẹ́ni lọ́rùn, a ó béèrè ìpele kejì, ogún ọjọ́. Lẹ́yìn èyí, a lè tọ Housing Ombudsman lọ, kò sì gba kọ́bọ̀.

Ní ti àwọn aláìnílé, òfin tiwọn kò pẹ́ tó ti ilé. Ní 1966 ni BBC fi eré *Cathy Come Home* hàn, nípa ìdílé kan tí a tú ká nítorí àìnílé, ní ọdún náà gan-an sì ni òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan, Bruce Kenrick, dá ẹgbẹ́ Shelter sílẹ̀. Síbẹ̀ ó di 1977 kí òfin tó sọ pé dandan ni fún káńsù láti wá ibùgbé fún irú ìdílé bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè márùn-ún ni òṣìṣẹ́ yóò bi: ṣé ìwé ìgbélùú ẹni náà fàyè gbà á? ṣé lóòótọ́ ni kò ní ilé? ṣé ó wà nínú àwọn tí òfin fi ṣáájú, bí aboyún, ẹni tí ó ní ọmọ kékeré, ẹni tí ogbó tàbí àìsàn sọ di aláìlágbára, tàbí ẹni tí ó sá fún ìyà nínú ilé? ṣé kì í ṣe òun ni ó mọ̀ọ́mọ̀ sọ ilé rẹ̀ nù? ṣé ó ní ìbátan pẹ̀lú àdúgbò náà? Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ó ń dá ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa dúró, nítorí físà tí a kọ ọ́ sí pé kò gbọdọ̀ jẹ nínú owó ìlú kò jẹ́ kí a gba ilé káńsù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin àwọn ọmọdé ti 1989 lè dá ààbò bo ọmọ tí ó wà nínú àìní.

Láti 2018, ẹni tí ewu àìnílé bá kù sí ọjọ́ 56 fún ti tó ẹni tí káńsù gbọ́dọ̀ ràn lọ́wọ́, kò di ìgbà tí ẹrù rẹ̀ bá dé ìta. A kò sì gbọdọ̀ fi ìdílé tí ó ní ọmọ sí ilé ìtura tí a ti ń pín ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ. Ṣùgbọ́n ó ń ṣẹlẹ̀, nítorí àwọn ìdílé tí ó wà ní ibùwọ̀ ìgbà díẹ̀ lé ní 117,000 ní òpin oṣù kẹta ọdún 2024.

A mọ opó kan, ọmọ ìjọ wa àtijọ́, tí ó ní ìwé ìgbélùú pípẹ́, tí àìsàn oríkèé sì ti mú lẹ́sẹ̀. Onílé rẹ̀ gba yàrá rẹ̀, ó lọ sí káńsù, lẹ́yìn ìwádìí káńsù kan kọ̀wé sí i pé kò sí nínú àwọn tí òfin fi ṣáájú. Màmá yìí ka ìlà àkọ́kọ́, ó sunkún, ó fi ìwé náà sínú Bíbélì rẹ̀. Ní ẹsẹ̀ ìwé náà ni a kọ ọ́ sí pé ó ní ọjọ́ 21 láti béèrè àtúnyẹ̀wò, èyí tí òṣìṣẹ́ mìíràn tí ó ga jù, tí kò lọ́wọ́ sí ìpinnu àkọ́kọ́, yóò ṣe. Àti pé lẹ́yìn èyí kóòtù wà. Nígbà tí ọmọ àbúrò rẹ̀ rí i, ó ti di ọjọ́ 33. Òfin fún káńsù ní àyè láti gba ẹ̀bẹ̀ tí ó pẹ́, bí ó bá fẹ́. Wọ́n kọ̀wé, wọ́n ṣàlàyé, wọ́n fi ìwé dókítà sí i, káńsù sì gbà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ a yí ìpinnu náà padà. Yàrá kan tí ó ní ilé ìdáná tirẹ̀ ni ó ń gbé báyìí, ní àdúgbò mìíràn, bọ́ọ̀sì méjì sí ilé ìsìn. Orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé àwọn tí ń dúró de ilé káńsù.